Lọ́yà tó ń bá wa ra ilé ní kí n wá ṣàlàyé owó àjọ

Àdùkẹ́_Gillingham · Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ lọ́yà.

Èmi àti ọkọ mi ń ra ilé kan ní Gillingham, ní Kent. Yàrá mẹ́ta, £285,000. Onílé ti gba iye tí a dá, báńkì ní àwọn máa yá wa ní £248,500, àwa yóò mú £36,500 wá. Mo rò pé ó ku kí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ lé wa lọ́wọ́ ni. Àfi bí lọ́yà ṣe kọ ímeèlì sí mi láàárọ̀ yìí, ojú ìwé méjì, ìbéèrè lórí ìbéèrè.

Ó wo sítétímẹ́ǹtì báńkì mi, ó rí £6,000 tó wọlé lóṣù kẹfà. Ó ní àwọn wo ló fi ránṣẹ́? Ṣé ẹ yá a ni? Ṣé wọ́n máa ní ìpín nínú ilé? Àjọ ni o, ẹ̀yin èèyàn! Àwa méjìlá là ń dá a, £500 lóṣooṣù, èmi ni mo kó o lóṣù kẹfà. Ó tún rí £8,000 tó jẹ́ ti bàbá mi. Bàbá ta ilẹ̀ kan ní Abẹ́òkúta kí wọ́n lè fi ràn wá lọ́wọ́. Wọ́n kó náírà fún ẹnì kan nílé, ọmọ ẹni náà tó wà ní Birmingham wá fi pọ́n-ùn ránṣẹ́ sí mi. Lọ́yà ní, ta ni ẹni yìí jẹ́ sí yín? Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Inú àkáǹtì mi ni mo ti kọ́kọ́ rí orúkọ rẹ̀.

Ó ń ṣe bíi pé olè ni wá. Ọkọ mi ní ká wá lọ́yà mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra ilé níbí, kí la máa ṣe?

Ṣeun_MK · 9:31 alẹ́

Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á gba owó lọ́wọ́ yín, wọ́n á tún sọ yín di ọ̀daràn. Ẹ wá ẹlòmíràn tí kì í yọ ẹnu sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀.

Akọ̀wé_Dagenham · 9:58 alẹ́

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ fara balẹ̀. Ọ́fíìsì lọ́yà ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi gan-an ni mo máa ń tẹ irú ímeèlì yẹn. Kò sí lọ́yà mìíràn tí kò ní bi yín. Òfin 2017 tí wọ́n fi ń dènà kí àwọn jàgùdà máa fi ilé rírà fọ owó wọn mọ́, gbogbo lọ́yà ló dè. Bí ó bá gba owó tí kò mọ ibi tó ti wá, ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Bí ẹ bá sì lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, láti orí kíkó páálí ìwé ìrìnnà yín sílẹ̀ lẹ ó ti tún bẹ̀rẹ̀, ẹ ó san owó ẹlẹ́ẹ̀kejì, onílé lè sú, kó tà á fún ẹlòmíràn. Kò tíì sí ohun tó dè é mọ́ yín. Kí ẹ tó ṣe exchange, ìyẹn ọjọ́ tí lọ́yà méjèèjì bá so àdéhùn pọ̀, ẹnikẹ́ni ló lè yí ẹnu padà láìsan kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ àjọ kò le. Ẹ kọ lẹ́tà kan, kó má ju ojú ìwé kan lọ: bí ẹ ṣe ń dá a, ẹ̀yin mélòó, èèlò, ta ló ń kó o lóṣù wo. Ẹ fi sítétímẹ́ǹtì oṣù tí ẹ̀yin náà ń san £500 jáde tì í, kó rí i pé owó yín ló ń lọ tó sì ń bọ̀. Bí alájọ yín bá ní ìwé, ẹ ya fọ́tò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí mi o. Bí ẹ bá jẹ́ méjìlá, tí ẹ̀yin fúnra yín sì wà nínú méjìlá náà, ta ló fi £500 tiyín ránṣẹ́ sí yín?

Àdùkẹ́_Gillingham · 10:06 alẹ́

Ha. £5,500 ni o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un kà. Ẹni mọ́kànlá ló fi ránṣẹ́. £6,000 yẹn, èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù lọ́yà.

Akọ̀wé_Dagenham · 10:11 alẹ́

Ẹ rí i? Ẹ kọ £6,000, ó rí £5,500. Ìdí nìyẹn tó fi ń bi yín ní ìbéèrè ojú ìwé méjì.

ỌmọAlájọ_Peckham · 10:40 alẹ́

Ìyá mi ló ń gba àjọ ní Peckham láti 1994. Ìwé kékeré aláwọ̀ búlúù kan wà lọ́wọ́ wọn, orúkọ lápá òsì, oṣù lókè, àmì X níbi tí èèyàn bá ti san. Nígbà tí mo fẹ́ ra ilé tèmi, lọ́yà mi, òyìnbó ni, ní kí n mú un wá. Mo rò pé yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ṣí i, ó fi ìka tọ ìlà kan láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, ó ní "ìyá yín máa ń kọ nǹkan sílẹ̀ ju báńkì lọ." Ó ya fọ́tò ojú ìwé méjì, ọ̀rọ̀ parí. Àmọ́ ó ní kí màmá buwọ́ lu lẹ́tà kékeré kan pé òótọ́ ni, ó sì ní kí n bo orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kò kàn.

BàbáTọ́pẹ́_Leeds · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

Àdùkẹ́ ọmọ mi, àjọ kọ́ ni ìṣòro rẹ. Ẹni Birmingham yẹn ni ìṣòro rẹ. Èmi náà ti gba owó bẹ́ẹ̀ rí, gbogbo wa la ti gbà á. Láti san owó ilé ìwé ọmọ, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́. Ilé ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Akọ̀wé_Dagenham · 7:45 àárọ̀

Bàbá sọ òótọ́. Lójú lọ́yà, bàbá yín kọ́ ló fún yín lówó. Ẹnì kan tí ẹ kò mọ̀ ló fún yín, kò sì sí bí yóò ṣe mọ ibi tí onítọ̀hún ti rí £8,000 tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ sọ pé ọmọ àbúrò bàbá yín ni. Bí ara bá fu lọ́yà, òfin ní kó fi tó àwọn National Crime Agency, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn, létí, òfin kan náà sì ní kò gbọdọ̀ sọ fún yín pé òun ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ó kàn rí i pé fáìlì yín dúró gbagidi, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ẹ sọ bó ṣe rí gan-an fún un. Ìwé tí bàbá fi ta ilẹ̀, ibi tí owó náírà ti wọ àkáǹtì wọn, ibi tó ti jáde, ẹ kó gbogbo rẹ̀ fún un. Ó lè gbà á, ó lè má gbà á. Bí kò bá gbà á, ẹ yọ £8,000 yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ báńkì bóyá wọ́n lè fi kún owó tí wọ́n fẹ́ yá yín. £36,500 bí ẹ bá yọ £8,000 kúrò, £28,500 ló kù, ìdá kan nínú mẹ́wàá iye ilé gan-an nìyẹn.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ bi yín: ẹ̀yin àbí ọkọ yín, ṣé ẹnì kan nínú yín ti ra ilé rí? Níbikíbi láyé ni mò ń wí o.

Lọ́yà_Ìkẹjà · 8:02 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nípa ìwé ilẹ̀ bàbá: ẹ má fi rìsíìtì nìkan ránṣẹ́. Ẹ wá ìwé àdéhùn tí olùrà àti bàbá jọ buwọ́ lù, pẹ̀lú èyí tó fi hàn pé bàbá ló ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ ẹbí bá ni, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí buwọ́ lù ú, torí ilẹ̀ ẹbí tí ẹnì kan dá tà láìsí olórí ẹbí, títà náà kò múlẹ̀ rárá lójú òfin. Lọ́yà òyìnbó lè má mọ èyí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ Nàìjíríà yóò béèrè.

Ẹ wá jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀yin ń sunkún pé lọ́yà ń bi yín léèrè ju bó ṣe yẹ. Níbí, oníbàárà mi á ti sanwó fún ọmọ onílẹ̀ tán, á ti mọ fẹ́ǹsì, kó tó gbé ìwé wá fún mi pé "Lọ́yà, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò." Mo lọ sí Alausa, mo rí i pé ìjọba ti gba ilẹ̀ náà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Kí ni kí n wá bá a ṣe? Lọ́dọ̀ tiyín, £7 péré lẹ ó san lórí ẹ̀rọ ayélujára, HM Land Registry á gbé orúkọ onílé jáde, pẹ̀lú báńkì tí ó jẹ ní gbèsè lórí rẹ̀.

Àdùkẹ́_Gillingham · 1:15 ọ̀sán

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà náà.

Akọ̀wé, ìbéèrè yín yẹn bà mí lẹ́rù. Ọkọ mi ra ilé oníyàrá méjì ní Ṣàgámù ní 2016. Ìyá wọn ló ń gbé ibẹ̀. Nínú fọ́ọ̀mù lọ́yà a kọ ọ́ pé a kò tíì ra ilé rí, torí England là ń rò.

Akọ̀wé_Dagenham · 1:40 ọ̀sán

Mo mọ̀ ọ́n! Ẹ pè é lórí fóònù lónìí, kó tó di pé ẹ buwọ́ lu ohunkóhun.

Stamp duty ni ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn owó orí tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ra ilé. Láti oṣù kẹrin 2025, ẹni tó ń ra ilé fún ìgbà àkọ́kọ́ kì í san nǹkan kan lórí £300,000, bí ilé náà kò bá ti kọjá £500,000. Àmọ́ ẹni tó bá ti ra ilé ní Ṣàgámù, ní Accra, ní Houston, ó ti ra ilé rí nìyẹn. Bí tọkọtaya bá sì jọ ń rà á, àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò rà rí. Ilé tí èèyàn jogún náà wà nínú ohun tí wọ́n máa ń kà. Ilẹ̀ lásán tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ ohunkóhun sí yàtọ̀, ẹ ṣáà sọ fún lọ́yà bó bá wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ lórí £285,000. Bí ẹ bá jẹ́ àkọ́rà, òfo ni. Bí ẹ kò bá jẹ́ àkọ́rà: £125,000 àkọ́kọ́ jẹ́ òfo, £125,000 tó tẹ̀ lé e jẹ́ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, £2,500 nìyẹn, £35,000 tó kù jẹ́ ìdá márùn-ún, £1,750. Àpapọ̀ £4,250. Ṣùgbọ́n bí ìpín ọkọ yín nínú ilé Ṣàgámù bá tó £40,000 lónìí, wọ́n á tún bu ìdá márùn-ún lé gbogbo owó ilé náà. Ó di £18,500.

ỌmọAlájọ_Peckham · 1:52 ọ̀sán

£18,500 nítorí ilé tí màmá ń gbé! Ká má sọ nǹkan kan, ta ló máa mọ̀?

Akọ̀wé_Dagenham · 2:05 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á nímọ̀ràn yìí. Lọ́yà ló ń bá èèyàn fi ìwé owó orí náà ránṣẹ́, láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ́yìn tí ilé bá ti di tiyín, àmọ́ orúkọ tiyín ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, ẹ̀yin ni wọ́n máa mú, kì í ṣe lọ́yà tí ẹ purọ́ fún.

BàbáTọ́pẹ́_Leeds · 7:30 alẹ́

Ilé oníyàrá méjì ní Ṣàgámù, bí náírà ṣe rí yìí, mi ò rò pé ó tó £40,000. Àmọ́ èrò èmi kò lè gbà ọ́. Ní kí ọkọ rẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹni tó ní ìwé àṣẹ láti díye lé ilé ní Nàìjíríà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí mo ti wà níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Lọ́yà tí éjẹ́ǹtì fà mí lé lọ́wọ́ ni mo gbà. Mi ò mọ̀ pé éjẹ́ǹtì ń gba owó lórí mi. Òfin ní kí wọ́n sọ ọ́, wọ́n sì sọ ọ́, nínú lẹ́tà kékeré tí ojú mi kò lè kà. Ẹni mẹ́rin ló mú fáìlì mi ní oṣù mẹ́ta. Mo bá ọ̀kan sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ìwádìí pé wọ́n ti wa èédú lábẹ́ ilé náà rí, tó ṣe pàtàkì jù ní ẹkùn wa níbí, ìgbà tí mo pariwo ni wọ́n tó lọ san owó rẹ̀. Nígbà tí mo ra èkejì, mo wá lọ́yà tí mo lè rìn lọ bá. Ó gbówó lórí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo san án, mo sì ń sùn lóru.

Ṣeun_MK · 8:11 alẹ́

Mo gbà pẹ̀lú bàbá lórí èyí. Èmi ò lo lọ́yà pàápàá, licensed conveyancer ni mo lò, ilé nìkan ni iṣẹ́ wọn. Mo máa ń kọ ímeèlì sí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìbéèrè mẹ́ta péré: kí lẹ ń dúró dè, lọ́wọ́ ta ni, ọjọ́ wo lẹ béèrè rẹ̀ kẹ́yìn. Lójoojúmọ́ ni mo ń pè tẹ́lẹ̀, ó sọ fún mi pé gbogbo ìpè mi ló ń jẹ nínú àkókò tó yẹ kó fi ṣe fáìlì mi.

Àǹtí, ẹ rí i dájú pé lọ́yà yín wà nínú àwọn tí báńkì yín fọwọ́ sí o. Òun náà ló máa ṣojú báńkì.

Tóyìn_Thamesmead · 11:20 alẹ́

Mo ń ka gbogbo yín láti àná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un kí ó má ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ san dìpọ́sítì, ímeèlì wọlé. Orúkọ lọ́yà mi, àmì ọ́fíìsì wọn, ọ̀nà tó máa ń gbà kí mi gan-an. Ó ní báńkì àwọn ń yẹ ìwé àwọn wò, kí n fi owó sí àkáǹtì tuntun yìí. Mo ti tẹ nọ́ńbà àkáǹtì náà tán. Ìka mi ti wà lórí "Send". Ọmọ mi ké pè mí ní kíṣìnì pé wàrà ti dànù, mo lọ nù ún. Nígbà tí mo padà dé, mo tún àdírẹ́sì náà wò, mo rí i pé lẹ́tà "l" kan ti di "1".

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà àkọ́kọ́ pàá tí wọ́n fi pósítì ránṣẹ́ ni mo pè, mi ò pe èyí tó wà nínú ímeèlì. Lọ́yà ní àwọn kò yí nǹkan kan padà. £31,000 ni owó náà, ẹ̀yin èèyàn. Títí dòní, bí wàrà bá dànù nínú ilé mi, mi kì í bínú.

Àdùkẹ́_Gillingham · Ọjọ́ Rú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, 8:50 alẹ́

Mo ní kí n wá jábọ̀ fún yín.

Lọ́yà gba àlàyé àjọ. Ó béèrè lẹ́tà lọ́wọ́ alájọ wa nìkan. Ti £8,000, kò gbà á. Ó ka gbogbo ìwé bàbá, ó ní òun gbà pé bàbá ta ilẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kò lè so náírà Abẹ́òkúta pọ̀ mọ́ pọ́n-ùn Birmingham. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. A yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, báńkì tún ìwé kọ fún £256,500, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe é. Bàbá bínú díẹ̀. Wọ́n ní owó àwọn kò dára tó fún òyìnbó àbí? Mo ní bàbá, a ó fi ra fìríìjì.

Ṣàgámù: lẹ́tà ẹni tó díye lé e dé, kò sún mọ́ £40,000. £4,250 la máa san. Ó dun ọkọ mi, àmọ́ nígbà tí lọ́yà fi £18,500 hàn án lórí bébà, ó dákẹ́.

Ó tún bi wá ní ohun kan tí n kò retí: bí a ṣe fẹ́ ní ilé náà. Ṣé kó jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kú gbogbo rẹ̀ di ti èkejì, àbí kí kálukú ní ìpín tirẹ̀ tó lè fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù ú? Ọkọ mi ní ọmọ kan kó tó fẹ́ mi. A jókòó lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a sọ̀rọ̀ tí a kò sọ láti ọdún mẹ́jọ. A mú ti ìpín.

Ọ̀la ni exchange.

BàbáTọ́pẹ́_Leeds · 9:15 alẹ́

Kú oríire, ọmọ mi. Ra ìdáàbòbò ilé láti ọ̀la lọ o, kì í ṣe láti ọjọ́ kọ́kọ́rọ́. Bí iná bá jó o láàárín méjèèjì, ìwọ ló jó. Bí ẹ bá sì yí ẹnu padà lẹ́yìn ọ̀la, dìpọ́sítì ti lọ. Ọjọ́ wo ni completion, ọjọ́ kọ́kọ́rọ́ gan-an?

Àdùkẹ́_Gillingham · 9:22 alẹ́

Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, sà.

BàbáTọ́pẹ́_Leeds · 9:24 alẹ́

Ọjọ́ Ẹtì. Gbogbo England ló ń kó sílé tuntun lọ́jọ́ Ẹtì. Kó oúnjẹ dání.

Àdùkẹ́_Gillingham · Ọjọ́ Ẹtì, 6:47 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ. Aago mẹ́wàá la ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù. Owó ti kúrò lọ́dọ̀ lọ́yà wa ní 10:20, kò tíì dé ọ̀dọ̀ lọ́yà tiwọn. Onílé ṣì wà nínú ilé, ó ń wò wá láti ojú fèrèsé, àwa náà ń wò ó. Mo bu jọ̀lọ́ọ̀fù fún awakọ̀. Nígbà tó di aago kan ó lé ogójì ìṣẹ́jú, éjẹ́ǹtì pè pé ká wá gba kọ́kọ́rọ́.

A ti wọlé o! Ẹ bá mi dúpẹ́. Àmọ́ mo ní ìbéèrè kan fún Akọ̀wé. Nínú fọ́ọ̀mù TA10, èyí tí onílé fi ń kọ ohun tó máa fi sílẹ̀ nínú ilé, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn máa fi ọ̀pá kọ́tìnnì sílẹ̀. Wọ́n ti tú gbogbo rẹ̀ lọ, ihò nìkan ló kù lára ògiri. Ṣé kí n kọ̀wé sí lọ́yà?

Akọ̀wé_Dagenham · 7:03 ìrọ̀lẹ́

Kú oríire, Àǹtí! Ẹ lè kọ̀wé, ara àdéhùn ni fọ́ọ̀mù náà. Ọ̀pá mélòó ni?

Àdùkẹ́_Gillingham · 7:05 ìrọ̀lẹ́

Mẹ́rin.

Akọ̀wé_Dagenham · 7:06 ìrọ̀lẹ́

Ẹ lọ sí IKEA Lakeside lọ́la. Wákàtí kan tí lọ́yà bá fi kọ lẹ́tà náà gbówó lórí ju ọ̀pá mẹ́rin lọ.